Ọwọ́ Tó Ń Tan Fìtílà Àbúrò Onílé

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí òórùn ọṣẹ ti ń bá òórùn oògùn jà, ni ilé ìfọṣọ wà. Ibẹ̀ ni Màmá Alágbàfọ̀ ti lo ọdún mọ́kànlélógún. Gbogbo ṣíìtì tí aláìsàn bá sùn lé, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ó mọ èyí tó wá láti wọ́ọ̀dù aláboyún, ó mọ èyí tí arúgbó sùn lé, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ. Aṣọ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́. Ìwé kẹta ni wọ́n ti yọ Màmá kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì a sì máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè rí èsì mú lọ sílé fún ẹni tó bá wọn jà láàárọ̀.

Ṣíìtì kan wà tí kì í fẹ́ rí, síbẹ̀ tó máa ń retí. Igun rẹ̀ kan ti ya rí, Màmá fúnra rẹ̀ ló fi òwú pupa rán an, nítorí òwú funfun tán lọ́jọ́ náà. Orí ṣíìtì yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kú sí ní wọ́ọ̀dù kẹrin, oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ò mọ̀. Ṣíìtì ni ṣíìtì lójú wọn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bá ti kọjá, á tún yọ láàrin òkìtì aṣọ bí àlejò tí kò gbàgbé ọ̀nà.

Màmá á ní, "O tún dé?"

Á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ àwọn yòókù, á sì jẹ́ kó lọ.

Ohun kejì tó kù nínú ọmọ náà wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ Màmá. Fóònù ni. Nígbà ayé rẹ̀, ọmọ náà fẹ́ràn eré orí rédíò kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Etí Ọ̀nà. Eré náà ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kó ara wọn jọ sórí fóònù, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n, láti ìlú mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó tíì fojú rí ẹnì kejì. Wọn kì í jẹ́ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n níbẹ̀. Àbúrò Onílé ni wọ́n ń pe ọmọ Màmá, nítorí Onílé ni obìnrin inú eré náà, ẹni tó máa ń gbé fìtílà sójú fèrèsé kí ẹni tó ṣìnà lè ríbi wọ̀ sí. Ẹni tó bá dé á béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ta ló wà nílé?" Onílé á dáhùn pé, "Iná ń bẹ. Wọlé." Gbólóhùn yìí ni ẹgbẹ́ náà fi ń kíra wọn. Ní àràárọ̀, oníkálukú á tẹ àwòrán fìtílà kékeré kan sórí fóònù, kí àwọn yòókù lè mọ̀ pé òun wà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méje, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí àìsàn gba agbára ọwọ́ ọmọ náà, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi tẹ fìtílà mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ mí o."

Màmá bá a tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń wá fìtílà náà láàrin àwọn àwòrán wẹ́wẹ́, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ọmọ ti lọ. Títí dòní, kò mọ èyí tó ṣáájú, bóyá iná ni àbí ẹ̀mí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ẹbí kún ilé tí wọ́n ń sunkún, ó bọ́ sí bálùwẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, ó tẹ fìtílà. Kò sí ẹni tó ní kó dáwọ́ dúró. Ta ni yóò tiẹ̀ lẹ́nu láti sọ fún ìyá pé iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán an ti parí?

Láti ìgbà náà ni ilé ò ti dá páropáro. Bí Màmá bá ti wà nílé, fóònù náà máa ń sinmi lórí àga ọmọ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá á wà nídìí ààrò, á rí i tí àga náà mọ́lẹ̀ lójijì, á gbọ́ tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí pákó bí ẹni tí òtútù mú. Ẹnì kan ti kí Àbúrò Onílé nìyẹn. Wọ́n á ní, "Àbúrò Onílé, ó tọ́jọ́ mẹ́ta tí a gbọ́ ohùn rẹ. O wá di ọmọ jẹ́jẹ́ lójijì?" Màmá á tẹ fìtílà fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà jíjìn. Òun kì í sọ tirẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àbúrò Onílé nìkan ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ gígùn bí ọ̀nà tó ń wà. Màmá a máa fi ìka tẹ̀ lé e, ìlà méjì nígbà ìsinmi ọ̀sán, ìlà méjì nílé. Báyìí ló ṣe mọ̀ pé ìyàwó ọkùnrin náà ti kó jáde, pé ó máa ń jẹun nínú ọkọ̀ nítorí kò fẹ́ gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Màmá á tẹ fìtílà fún un. Lọ́jọ́ kan ó kọ̀wé pé, "O ṣeun. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, ìwọ nìkan ni kì í gbà mí nímọ̀ràn."

Ọ̀rọ̀ yìí ka Màmá láyà. Ó fi fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí ní gbogbo òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú un jáde, ó tan iná.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí ẹgbẹ́ náà fi ní àwọn fẹ́ pàdé lójúkojú. Àwọn kan ní ìlú etíkun ni, àwọn kan ní ìlú orí òkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó rí ọgbọọgba.

Ní Ọjọ́rú kan, Màmá àti Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń ká ṣíìtì. Ènìyàn méjì ló ń ká ṣíìtì ilé ìwòsàn: wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á di etí mú, wọ́n á máa rìn bọ̀ wá bára wọn. Ibi tí wọ́n ti ń rìn bọ̀ ni fóònù ti mì nínú àpò. Màmá na ìka sí i, ohùn obìnrin àgbà kan sì jáde. Alága ẹgbẹ́ ni.

"Ẹ̀yin ará ilé, iná ń bẹ o. Ìbò kẹta ti dé. Etíkun ọgbọ̀n, orí òkè ọgbọ̀n. Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, mi ò lè máa ka ìbò títí eyín ẹnu mi ó fi tán. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìbò, òun náà sì ni òfin kẹsàn-án mú. Òfin kẹsàn-án ní, bí ìbò bá rí ọgbọọgba nígbà mẹ́ta, ẹni tí fìtílà rẹ̀ ti ń jó lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, tí tirẹ̀ pẹ́ ju ti gbogbo wa lọ, òun ni yóò mú ìlú tó bá wù ú. Mo ti kà á. Ẹgbẹ̀ta ọjọ́ ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àbúrò Onílé ni. Àbúrò Onílé, ọ̀sán Sátidé ò gbọdọ̀ kọjá."

Màmá dúró lójú kan pẹ̀lú etí ṣíìtì lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ń kà á. Kí wọ́n má yọ orúkọ ọmọ òun nìkan ló bá lọ, kò bá ẹnikẹ́ni díje.

Ìyá Ìbejì ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe orúkọ ọmọ yẹn ni mo gbọ́?"

"Òun ni."

"Wọn ò tíì gbọ́ pé..."

"Wọn ò gbọ́."

"Ta wá ló ń tan iná ọ̀hún lójoojúmọ́?"

Màmá fa etí ṣíìtì ọwọ́ rẹ̀ le. Ìyá Ìbejì wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Yéè! Màmá! Ẹ ti sọ òkú di olórí ìlú!"

"Di etí ṣíìtì mú dáadáa, ó ń wọ́lẹ̀."

"Ṣíìtì kọ́ la ń sọ. Kí lẹ máa wá ṣe báyìí?"

"Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á yọ ọ́. Wọ́n á tún bá mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á pé jọ síbì kan, wọ́n á máa wá a."

"Ẹ mú èyí tó jìnnà jù. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ ò lè wá. Ó parí."

"Irọ́ wo ni o fẹ́ kí n tún pa?"

"Èyí tí ẹ ti ń pa láti èṣí ni. Ẹ kàn máa fà á gùn díẹ̀ sí i ni."

Fún ọjọ́ méjì, fóònù ò sinmi. Àwọn ará etíkun ń bẹ̀bẹ̀: "Àbúrò Onílé, ẹja ti ń béèrè rẹ." Àwọn ará òkè dá wọn lóhùn: "Ẹja ń béèrè rẹ kó lè bu ẹsẹ̀ rẹ jẹ. Máa bọ̀ lókè níbí, afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́." Ẹnì kan láti etíkun ní, "Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, nítorí òun nìkan lẹ ní." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ẹni tó jalè tí wọ́n rí i. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́rìnlá. Ọmọ náà ló yẹ kó rín in.

Ọ̀sán Ẹtì, Màmá dá wà nídìí tábìlì áyọ́ọ̀nù. Ṣíìtì olówùú pupa ti dé lọ́sẹ̀ yẹn, òun gan-an ló tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó ti pinnu. Etíkun ni yóò mú, nítorí òun ló jìnnà jù. Yóò wí pé ara òun ò yá, yóò sì máa tan iná rẹ̀ lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó nu ìka rẹ̀ nù, ó ń wo bébà tí Ìyá Ìbejì kọ fún un, ó ń tẹ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ náà pé. Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ, ó ń fi ọwọ́ kejì wá ibi tí yóò tẹ̀ kí ó lè lọ.

Fóònù mì. Dẹ́rẹ́bà ti fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Ó kọ sórí rẹ̀ pé, "Ohun tí ẹnì kan sọ lọ́dún méjì sẹ́yìn rèé. Àbúrò Onílé, ẹnu rẹ ni mo fi ń mú ọ." Ìka Màmá kàn án.

Ohùn ọmọ rẹ̀ kún ilé ìfọṣọ.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi òkun àti òkè dí wa létí. Ìlú tèmi ni kẹ́ ẹ wá. A ò ní òkun, a ò ní òkè, afárá kan ṣoṣo la ní, òun gan-an sì ń mì. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ò tíì mọ oorun, àfi tí ẹ bá sùn lórí ṣíìtì tí ìyá mi lọ̀. Ẹ má sọ fún un o, orí rẹ̀ á wú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ kan tẹ̀ lé ẹ̀rín náà. Màmá mọ ikọ́ ọ̀hún. Àkọ́kọ́ gbogbo wọn ni; lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó kà á sí.

Kò mọ bí òun ṣe dúró pẹ́ tó. Èéfín ló mú un padà wá. Nígbà tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ojú rẹ̀ ti jó sára ṣíìtì náà, ó dúdú, ó mú ṣóńṣó lórí bí ewé gbígbẹ.

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ sáré dé. "Màmá! Ọdún mọ́kànlélógún, ẹ ò jó aṣọ rí!"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé, aṣọ tó bá jóná, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, wọ́n á ya á sí àkísà. Ọ̀gá ti di igun aṣọ náà mú kó ya á.

Màmá ní, "Ẹ má ya á. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un relé."

"Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ jíjó ṣe?"

"Orí rẹ̀ ni ọmọ mi sùn kẹ́yìn."

Ọ̀gá wo òwú pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó yíjú sí ògiri, ó fi gègé fa ìlà kan sínú ìwé.

Màmá jáde lọ sí àgbàlá ìsáṣọ. Ó dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó sáàrin àwọn ṣíìtì funfun tó ń gbéra tó ń balẹ̀ bí ẹni ń mí. Ó pa ọ̀rọ̀ etíkun rẹ́. Ó di ibi tí ọmọ rẹ̀ máa ń dì mú lójú fóònù bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni ìyá tó ń lọ ṣíìtì. Ọmọ mi tí ẹ ń pè ní Àbúrò Onílé ti kú. Oṣù mẹ́rìnlá rèé. Ọwọ́ mi lẹ ti ń rí. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ yọ òun, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà, mi ò béèrè ibi tó yẹ kí n jẹ́ ẹ dé. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń kà á. Ẹ ní kó mú ìlú. Ó ti mú un, ẹ ti fetí yín gbọ́ ọ. Yàrá méjì la ní, ilẹ̀ fẹ̀, ṣíìtì ń bẹ. Bí ẹ ò bá wá, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ, fóònù ni mò ń wò."

Fún odindi wákàtí kan, fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan láti orí òkè kọ ọ́ pé, "Ọdún kan lé ni mo fi ń kí òkú láàárọ̀. Ara mi ò gbà á. Ẹ fi wá ṣeré, Màmá." Màmá fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè jiyàn, òótọ́ ni. Alága ló tẹ̀ lé e: "Òfin kẹsàn-án ò béèrè ọwọ́ ẹni tó ń tan iná. Ìlú afárá ni. Ọ̀rọ̀ orúkọ, a ó sọ ọ́ lójúkojú." Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ yọ lójú fóònù: Dẹ́rẹ́bà ti kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ìlà yẹn ni kò jẹ́ kí Màmá lè gbé oúnjẹ sẹ́nu.

Oṣù méjì kọjá. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, Màmá ti lọ gbogbo ṣíìtì tó wà nílé àti èyí tí Ìyá Ìbejì yá a. Ó tẹ́ èyí tó jóná sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ká a kí ojú jíjó náà lè wà nísàlẹ̀, kí òwú pupa wà lókè, ó gbé fóònù lé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ mọ́, kò tan iná. Ó fẹ́ rí bí ilé yóò ṣe rí.

Mọ́kàndínlógún ni wọ́n dé, pẹ̀lú Alága tí ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì wọ́n, wọn kò jọ àwọn tó ń fi ẹja àti afẹ́fẹ́ bú ara wọn. Alága kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà nílé?"

Gbogbo wọn dúró. Ó dà bíi pé ilé náà ń retí ẹlòmíràn tí yóò dáhùn, Màmá pẹ̀lú sì ń retí rẹ̀. Ó tilẹ̀ wẹ̀yìn. Àga nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Iná ń bẹ. Ẹ wọlé."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ àga náà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ti sọ rí, tí ìyá rẹ̀ ò gbọ́ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sunkún. Alága ní, "Màmá, bí ẹ ò bá tan iná, ọjọ́ méje ni òfin wí. Bí ẹ bá tàn án, a ó máa dáhùn. Ọwọ́ yín ló wà."

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan dúró níta; Alága ló ti júwe ilé fún awakọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan, ó ga, ó tẹ̀ léjìká, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò béèrè ẹni tó wà nílé. Ó wo gbogbo yàrá títí, ó ní, "Ibo ló máa ń jókòó sí?"

Màmá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin náà rìn débẹ̀, kò jókòó sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti ibùsùn aláìsàn. Màmá lọ jókòó lódì kejì àga náà.

Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà."

"Mà."

"Gbogbo ohun tí o kọ, mo kà á. Ìka ni mo fi ń kà á, ó máa ń pẹ́ mi. Má bínú."

Ọkùnrin náà wo ìka Màmá. "Nítorí náà ni ẹ ò ṣe gbà mí nímọ̀ràn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni."

Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó jọ ikọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan kan òwú pupa náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wo bóyá aṣọ ti gbẹ.

"Màmá, ẹ ti tan ti òní?"

"Mi ò tíì tàn án."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù náà ti mọ́lẹ̀ láàrin wọn, ó ń gbọ̀n lórí ṣíìtì. Àwọn tí kò lè wá ló ń tan iná wọn láti ìlú wọn, fìtílà kan tẹ̀ lé fìtílà kan, wọ́n ń kí Àbúrò Onílé. Màmá wo Dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà wo Màmá. Kò sí ẹni tó nawọ́ mú un nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n ń wò ó títí ó fi dákẹ́, tí ojú rẹ̀ sì ṣú.